Iná Wà, Ẹ̀rọ Ò Yí: Bí A Ṣe Lè Gbọ́ Ohun Tí Mítà Ń Sọ

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí. Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ló ń kọ ọ́. Ìdí ni pé iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá mi dá lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn oníná ń lò lẹ́nu iṣẹ́ ní ìlú Ìwó, láti ibi ìlagi dé ibi ìlọ̀rẹsì, títí dé ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń di omi sínú ọ̀rá. Ọ̀rọ̀ ni mo bá lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bá oníná rìn fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ yóò rí i pé ohun kan wà tó ń dà wọ́n láàmú ju kí iná má sí rárá lọ: kí mítà fi nọ́ńbà kan hàn, kí ẹ̀rọ sì máa ṣe ohun tí kò bá nọ́ńbà náà mu.

Mítà tí mo ń wí kì í ṣe èyí tí a ń ra káàdì sí. Mọ́tímítà ni, èyí tí oníná ń gbé lọ́wọ́, tó ní ọwọ́ pupa àti ọwọ́ dúdú. Ohun tí mo kọ́ nípa rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: mítà tó dára kì í sábà purọ́. Ìbéèrè tí a bi í ló ń dáhùn, ìbéèrè yẹn sì lè yàtọ̀ sí èyí tó wà lọ́kàn wa. Èdè tí a fi ń sọ̀rọ̀ iná wà lára ohun tó ń fa ìyàtọ̀ náà. Ẹ̀mí àti owó ló sì máa ń bá a lọ.

"Iná" kan ṣoṣo, nǹkan púpọ̀

Iná igi, iná fìtílà, iná mànàmáná: ọ̀rọ̀ kan náà ni Yorùbá fi ń pe gbogbo wọn. Nínú ilé, "iná ti dé" tó láti mú kí gbogbo ọmọ àdúgbò pariwo. Níwájú páńẹ́ẹ̀lì ilé-iṣẹ́, kò tó. Ó kéré tán, nǹkan méjì ló wà níbẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀. Ìkíní ni fólítì, ìyẹn agbára tó ń ti iná láti ibì kan sí ibòmíràn. Ìkejì ni kọ́rẹ́ǹtì, ìyẹn iná tó ń ṣàn gan-an.

Ẹ wo táǹkì omi tó wà lórí òpó. Bí táǹkì bá kún, omi tó wà nínú páìpù ń tì, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣí ẹ̀rọ omi. Títì yẹn ni fólítì. Bí a bá ṣí i tí omi sì tú jáde, ìṣàn yẹn ni kọ́rẹ́ǹtì. Bí ìdọ̀tí bá dí páìpù, ìdènà nìyẹn. Títì lè wà síbẹ̀ kí omi má tó báàfù kan kún. Orúkọ àwọn onímọ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi sọ ìwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: fólítì láti ara Alessandro Volta, ará Ítálì tó gbé bátìrì àkọ́kọ́ jáde fún aráyé ní 1800, ámpíà láti ara André-Marie Ampère, ará Faransé, óòmù láti ara Georg Ohm, ará Jámánì.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ ní àdúgbò. Bí gílóòbù bá ń tàn pupa bí ẹyin iná, "háàfù kọ́rẹ́ǹtì" ni a ń pè é, tàbí "lóò kọ́rẹ́ǹtì". Ohun tó wálẹ̀ gan-an ni fólítì. Ní ti gílóòbù àtijọ́, àṣìpè yẹn kò ṣe nǹkan kan, nítorí bí fólítì rẹ̀ bá wálẹ̀, kọ́rẹ́ǹtì rẹ̀ náà yóò wálẹ̀. Mọ́tọ̀ iná tó ń yí ẹ̀rọ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹrù tó gbé kò bá dínkù tí fólítì sì wálẹ̀, kọ́rẹ́ǹtì tí yóò fà láti lè gbé ẹrù náà yóò pọ̀ sí i. Ooru tó ń mú nínú wáyà kọ́ìlì rẹ̀ sì ń pọ̀ ju bí kọ́rẹ́ǹtì ṣe pọ̀ lọ: bí kọ́rẹ́ǹtì bá di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, ẹni tó gbọ́ "háàfù kọ́rẹ́ǹtì" tó sì rò pé ìwọ̀nba iná díẹ̀ ni mọ́tọ̀ òun ń jẹ, òdìkejì ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ló gbọ́. Bí òórùn kọ́ìlì tó jóná bá fi jáde, ó ti pẹ́ jù.

Fólítì kì í dá dúró

Àwa tí a ń kọ́ nípa ohùn ló yẹ kí apá yìí rọrùn fún jù. Kò sí ẹni tó lè sọ pé iye Hz báyìí ni ohùn òkè nínú èdè Yorùbá. Ohùn òkè nínú ọ̀rọ̀ bàbá olóhùn ńlá lè rẹlẹ̀ ju ohùn ìsàlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ọmọdébìnrin lọ. Ara ohun tó yí sílébù ká la fi ń mọ̀ pé ó ga. Fólítì náà bẹ́ẹ̀. Kò sí ibi kan nínú páńẹ́ẹ̀lì tó ní fólítì ní òun nìkan. Ìyàtọ̀ láàárín ibi méjì ni. Ìdí nìyí tí mítà fi ní ọwọ́ méjì.

Iná tó ń wọ ilé-iṣẹ́ tó bá ní ẹ̀rọ ńlá máa ń ní wáyà mẹ́rin: fésì mẹ́ta àti níútírà kan. Ní Nàìjíríà, láàárín fésì kan sí níútírà, 230 fólítì ló yẹ ká rí. Láàárín fésì kan sí èkejì, 400 ni, kì í ṣe 460, nítorí pé àwọn fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í dé góńgó lẹ́ẹ̀kan náà, 1.73 la fi ń sọ 230 di púpọ̀, kì í ṣe 2. Àwọn àgbà oníná tó ń pe 415 kò ṣì í: 240 ni wọ́n kà mọ́ fésì kan, ìṣirò kan náà ló sì gbé wọn débẹ̀.

Ibi tí ewu wà rèé. Bí ọwọ́ mítà méjèèjì bá wà lórí wáyà méjì tó jẹ́ fésì kan náà, òdo ni mítà yóò mú. Òdo yẹn kò túmọ̀ sí pé kò sí iná. Ó túmọ̀ sí pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan wọn lè pa ènìyàn tó dúró lórí ilẹ̀. Fíúùsì náà máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà báyìí. Bí a bá fi ọwọ́ mítà sí orí àti ìdí fíúùsì tó dára nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, òdo la ó rí. Bí fíúùsì bá ti jó, fólítì tó pọ̀ la ó rí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀nà ti gé. Ẹni tó ń wá nọ́ńbà ńlá kí ó lè sọ pé "ó dára" yóò yọ fíúùsì rere dànù.

Fólítì òjìji

Ẹ jẹ́ ká sọ pé oníná ti pa súwíìṣì. Ó fi mítà kan wáyà tó yẹ kó ti kú, mítà sì mú 90 tàbí 110. Kí ló dé?

Ẹni tó bá ti gba ohùn sílẹ̀ fún iṣẹ́ fónẹ́tíìkì lè ti pàdé irú rẹ̀. Bí wáyà máíkì bá sùn ti wáyà iná, ìkùn kan lè wọ inú ohùn tí a gbà, kí a sì rí ìlà rẹ̀ ní 50 Hz nígbà tí a bá ṣí i lórí Praat. 50 Hz yẹn ni iye ìgbà tí iná ìjọba ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, àwọn tó sì ń ṣọ́ ọ fún gbogbo Nàìjíríà wà nítòsí wa, ní ibùdó ìdarí iná orílẹ̀-èdè yìí tó wà ní Òṣogbo. Wáyà méjèèjì kò kan ara wọn, rọ́bà wà láàárín wọn, síbẹ̀ èyí tó ní iná yá èyí tó sùn tì í díẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló rí nínú páìpù tí wọ́n to wáyà mẹ́wàá sí. Wáyà tó kú tó sì gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà láàyè yóò gba fólítì díẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Agbára tó wà lẹ́yìn fólítì náà kò tó tan gílóòbù kékeré. Ṣùgbọ́n mítà ìgbàlódé kì í fa nǹkan kan lára ohun tó ń wọ̀n. Ìdènà inú ọ̀pọ̀ wọn tó mílíọ̀nù 10 óòmù. Nítorí náà ó rí i, ó sì sọ ọ́. Mo ń pè é ní fólítì òjìji nínú iṣẹ́ mi: ó ní àwòrán, kò ní ara.

Bí a ṣe ń dá a mọ̀ ni kí a fún un ní ẹrù díẹ̀ gbé. Àwọn mítà kan ní ibi tí a ń yí i sí tí ìdènà inú rẹ̀ yóò fi kéré. Wọ́n máa ń kọ LoZ síbẹ̀. Bí a bá yí i síbẹ̀ tí 90 sì di 2 tàbí 3, òjìji ni. Bí 90 bá dúró bí ó ti wà, òjìji kọ́ nìyẹn o. Wáyà náà ń gba iná láti ibì kan, kí oníná wá ibẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti inú ìrò lásán sọ pé "òjìji ni."

Nọ́ńbà pé, iṣẹ́ ò pé

Èyí ni òdìkejì òjìji. Ní ilé-iṣẹ́ omi inú ọ̀rá kan ní Ìwó, mọ́tọ̀ tó ń fa omi ń kùn, kò yí. Wọ́n tú wáyà mọ́tọ̀ kúrò, wọ́n fi mítà kan ẹnu kọntákítọ̀ tó ń gbé iná fún un: láàárín fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó súnmọ́ 400. Ẹni tó ni iṣẹ́ ní, "Iná pé, mọ́tọ̀ ló jó, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ fún àwọn tó ń di kọ́ìlì." Oníná tí mo bá lọ kò gbà. Ó ní kí wọ́n dá wáyà padà, kí wọ́n tan án, kí òun wọ̀n ọ́n nígbà tí mọ́tọ̀ bá ń fa iná. Bí wọ́n ṣe tan án, méjì nínú nọ́ńbà mẹ́ta já wálẹ̀, ẹyọ kan dúró. Ó ní kí wọ́n pa á kíákíá. Fésì tó wà nínú méjèèjì tó wálẹ̀ ló jẹ̀bi. Wọ́n pa iná ńlá, wọ́n tú kọntákítọ̀: ojú irin fésì náà ti jó dúdú.

Ẹ wo bí ó ṣe rí nínú ìṣirò. Ká ní ìdènà ojú irin tó jó jẹ́ 5 óòmù. Mítà nìkan kò fa kọ́rẹ́ǹtì kankan tó nítumọ̀, nítorí náà 5 óòmù kò dí i lọ́wọ́, gbogbo 230 ló máa rí. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá fa 10 ámpíà kọjá ibẹ̀, 50 fólítì yóò kù sójú irin náà (5 lọ́nà 10), 180 péré ló máa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ. 50 fólítì yẹn pẹ̀lú 10 ámpíà jẹ́ ooru 500 wáàtì, ìdajì áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ 1000 wáàtì, nínú ibi tí kò tó ìka kan. Bí páńẹ́ẹ̀lì ṣe ń gbiná nìyẹn.

Ohun tí oníná yẹn ṣe kò yàtọ̀ sí ohun tí a ń ṣe nínú fonọ́lọ́jì. A kì í wo ìró kan ní òun nìkan kí a tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. A máa ń wò ó nínú àyíká tó ti jẹ yọ, a sì ń wá ohun tó so àwọn àpẹẹrẹ tó yapa pọ̀.

Níútírà tó já

Bí níútírà bá já níbi tó ti wọ ilé-iṣẹ́, fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń di àárín mú mọ́. Ká ní ohun tó ń jẹ 1000 wáàtì wà lórí fésì kan, 100 wáàtì wà lórí èkejì, ẹ̀kẹta kò sì gbé nǹkan kan. Àwọn méjèèjì yóò wá pín 400 mọ́ra wọn lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí ìdènà wọn bá ṣe tó. Èyí tó jẹ́ 1000 wáàtì yóò gba nǹkan bí 36 fólítì. Èyí tó jẹ́ 100 wáàtì yóò gba nǹkan bí 364. Fíríìjì àti kọ̀ǹpútà tó wà ní ọ́fíìsì ló máa ń kọ́kọ́ lọ.

Àmì rẹ̀ ni pé gílóòbù yàrá kan ń tàn gbòò, ti yàrá kejì ń kú lọ, bí wọ́n bá sì tan ohun ńlá kan sórí fésì kan, fólítì fésì mìíràn á gòkè. Láàárín fésì sí fésì, mítà lè máa mú 400 gééré. Nítorí náà ẹni tí kò wọ̀n láti fésì sí níútírà kò ní rí nǹkan kan. Bí ẹ bá rí àmì yìí, ẹ pa iná ńlá kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Fésì tó ti lọ, tí ẹ̀rọ ń yí lọ

Mọ́tọ̀ onífésì mẹ́ta tó ti ń yí kì í sábà dúró bí fésì kan bá já, pàápàá bí ẹrù rẹ̀ kò bá wúwo. Bí ó ṣe ń yí, òun fúnra rẹ̀ á máa ṣe fólítì sórí wáyà tó ti já náà. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n lẹ́nu mọ́tọ̀ lè rí nọ́ńbà tó súnmọ́ ti àtẹ̀yìnwá, kí ó sì rò pé iná pé. Kọ́rẹ́ǹtì ni yóò tú àṣírí: mítà tó ń gbá wáyà mú yóò mú òdo lórí ọ̀kan, yóò sì mú èyí tó ga jù lórí méjì tó kù.

Bí fésì kò bá já rárá, wọ́n lè má dọ́gba. A mọ ohun tó ń fà á ní àdúgbò wa: bí fésì kan bá rẹlẹ̀, oníkálùkù á ní kí wọ́n bá òun yí sí èyí tó dára, títí èyí tó dára náà á fi rẹ̀ sílẹ̀. Ilé gbígbé lè fara dà á, mọ́tọ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mítà bá mú 400, 390 àti 380, àròpín wọn jẹ́ 390, èyí tó jìnnà jù sí i fi 10 jìnnà. 10 lórí 390 jẹ́ ìdá 2.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó dà bí ẹni pé ó kéré, àmọ́ àìdọ́gba kọ́rẹ́ǹtì lè tó ìlọ́po 6 sí 10 rẹ̀. NEMA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ohun èlò iná ní Amẹ́ríkà, dá a nímọ̀ràn pé kí a dín ẹrù mọ́tọ̀ kù bí àìdọ́gba fólítì bá ju ìdá 1 lọ, kí a má sì lò ó rárá bó bá ju 5 lọ.

Ìbéèrè tó yẹ ká bi mítà

Iṣẹ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́ ni iná ilé-iṣẹ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan má tìtorí àpilẹ̀kọ yìí ṣí páńẹ́ẹ̀lì o. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pe oníná, tàbí tó ń bá ẹbí rẹ̀ bójú tó ilé-iṣẹ́, lè mọ ohun tó yẹ kó bèèrè:

1. Láàárín ibi wo sí ibi wo ni nọ́ńbà yìí wà? Fésì sí fésì, fésì sí níútírà, àbí fésì sí ilẹ̀? Kí wọ́n wọ̀n gbogbo rẹ̀.
2. Ṣé ẹ̀rọ ń fa iná lọ́wọ́ nígbà tí ẹ wọ̀n ọ́n, àbí ó wà nílẹ̀ lásán?
3. Mélòó ni kọ́rẹ́ǹtì fésì kọ̀ọ̀kan?
4. Bí nọ́ńbà bá jẹ́ ti wáyà tó yẹ kó ti kú, ṣé ẹ ti fún un ní ẹrù díẹ̀ gbé wò?
5. Ṣé mítà fúnra rẹ̀ ṣì dára? Kí wọ́n fi kan ibi tí wọ́n mọ̀ pé iná wà, kí wọ́n fi kan ibi tí wọ́n rò pé ó kú, kí wọ́n tún padà fi kan ibi àkọ́kọ́. Ọwọ́ mítà tó gé lè mú òdo níbi gbogbo, òdo irọ́ ló sì ń pa oníná.

Iṣẹ́ tó kù fún wa

Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní 1984, fún wa ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ̀rọ̀ gírámà láìfi èdè mìíràn tì í. Iṣẹ́ tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 fi hàn pé ọmọ lè kọ́ sáyẹ́nsì ní Yorùbá kí ó sì yé e. Ọmọ iṣẹ́ oníná ní Ìwó náà ń fi Yorùbá kọ́ṣẹ́ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n "iná" àti "kọ́rẹ́ǹtì" ni ọ̀gá rẹ̀ sábà fi ń sọ gbogbo rẹ̀. Nínú iṣẹ́ mi, mo dábàá "ìtì" fún fólítì, "ìṣàn" fún kọ́rẹ́ǹtì, àti "ìdènà" tí ọ̀pọ̀ wọn ti ń lò tẹ́lẹ̀. Oníná mẹ́ta tí mo dán an wò lọ́dọ̀ wọn gba "ìṣàn" lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Ìtì" pa wọ́n lẹ́rìn-ín, nítorí ìtì igi àti ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló wá sí wọn lọ́kàn. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù, kí ó kọ̀wé sí wa.

Títí dìgbà náà, bí iná ilé-iṣẹ́ yín bá ń ṣe ségesège, ẹ má sọ fún oníná pé "háàfù kọ́rẹ́ǹtì ni." Ẹ sọ fún un pé: "Láàárín wáyà pupa àti níútírà, nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, 170 ni mítà mú, nígbà tí a pa ẹ̀rọ, ó padà sí 228." Ibi ìsopọ̀ wáyà àti ojú kọntákítọ̀ ni yóò kọ́kọ́ lọ wò, kò ní sáré tú mọ́tọ̀ yín.